Mọ́tò wo lẹ tà tó ṣì ń dùn yín títí dòní?

Ọmọ Òkèpópó · Sátidé, 6:40 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ibí. Lánàá ni wọ́n wá wa Corolla mi lọ. Ọmọkùnrin tó rà á ò lè ju ọgbọ̀n ọdún lọ, ó ń yọ̀ bí ẹni rí owó he. Èmi dúró sẹ́nu géètì, mò ń wo ẹ̀yìn ọkọ̀ títí tó fi yà sí títì. Àwọn ọmọ ló ní kí n má wakọ̀ mọ́. Ojú mi ò ríran dáadáa lálẹ́, epo náà sì ti di góòlù látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ lórí rẹ̀ ní 2023. Mo gbà fún wọn.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé kì í ṣe Corolla yẹn ni mo lálàá rẹ̀ mọ́jú. Ìjàpá ni. Volkswagen tí mo rà ní 1978, tí mo tà ní 1991. Àwọ̀ mílíìkì ló ní nígbà tí mo rà á. Nígbà tó yá mo kùn ún ní búlúù, torí mílíìkì kì í pẹ́ di tíì ní Èkó. Ìyàwó mi ló sọ ọ́ ní Ọkọ Yánníbo. Ó ní bí mo bá ti ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, òun á ti máa gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì yẹn láti Carter Bridge, òun á sì gbé omi àmàlà kaná. Irọ́ ni, àmọ́ ọjọ́ kan ò sí tí mo délé tí àmàlà ò gbóná.

Ẹ sọ tiyín fún mi. Mi ò bèèrè èyí tó dára jù o. Èyí tó wọ̀ yín lára ni mò ń bèèrè.

Ìyá Rótìmí · Sátidé, 7:05 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ kú ọ̀rọ̀ Corolla. Mo mọ bó ṣe ń rí lára kéèyàn máa wo ẹ̀yìn ọkọ̀ ẹ̀.

Datsun 120Y ni tèmi. Mo rà á lọ́wọ́ ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ wa ní 1984, ó sì ti gbó díẹ̀ nígbà yẹn. Ní òpópónà wa ní Sùúrùlérè, obìnrin tó ń wakọ̀ fúnra ẹ̀ ò pé mẹ́ta. Àwọn ọmọdé a máa sá tẹ̀ lé mi, wọn á ní "Ìyá onímọ́tò!" Ẹ́ńjìnnì ẹ̀ kéré, lítà kan àti díẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ bí wọ́n ṣe ń mu epo. Tí mo bá kún táǹkì lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó di Mọ́ńdè mìíràn.

Ọjọ́ òjò kan wà tí mi ò lè gbàgbé. Mo kó ọmọ mẹ́fà láti iléèwé, mẹ́ta tèmi, mẹ́ta ti àwọn ará ilé. Bá a ṣe gun afárá Ojúẹlẹ́gba báyìí, òjò dé bí ẹni yí korobá dà, ni wáípà bá kú. Ojú ò rí nǹkan kan. Mo rọra páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo tú okùn tí mo fi ń di búùtù (torí búùtù náà ti kọ̀, kì í padé), mo so ó mọ́ wáípà méjèèjì, mo sì gba ojú wíńdò kó etí okùn wọlé, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Rótìmí jókòó níwájú, ó ń fa tiẹ̀. Ṣadé wà lẹ́yìn mi, ó ń fa tiẹ̀. Èmi ń pariwo: "Rótìmí, fà! Ṣadé, fà!" Ká tó sọ̀ kalẹ̀ lórí afárá, ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Rótìmí ní Ṣadé ń fà á lẹ́ẹ̀mejì. Bá a ṣe délé nìyẹn, gbogbo wa rin gbingbin.

Rótìmí ti pé àádọ́ta ọdún báyìí. Ó ní jíìpù tí wáípà ẹ̀ ń dá ṣiṣẹ́ bí òjò bá ti kán sí i. Mo sọ fún un pé ẹni tó ń fà á nìyẹn ò lè jà.

Ààrẹ Òyìngbò · Sátidé, 7:31 àárọ̀

Ẹ̀yin oníjàpá àti oní-Datsun, ẹ kú ìfaradà. Píjò 504 ni mọ́tò. Àwọn tó kù ń tẹ̀ lé e ni.

Kì í ṣe ẹnu lásán. Ní 1969, òun ni wọ́n mú ní ọkọ̀ ọdún náà ní Yúróòpù. Ní 1975 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó pọ̀ ní Kàdúná. Látìgbà náà, ọ̀gá ìjọba wo ni kò jókòó lẹ́yìn 504 rí? Àwọn onímọ́tò èrò gan-an mọ̀ ọ́n: èyí tó ní ìlà ìjókòó mẹ́ta, tó ń kó èrò láti Èkó lọ síbi gbogbo, ṣé Datsun ni?

Mo ra tèmi tuntun ní 1981, aláwọ̀ eérú, ọ̀rá ṣì wà lára sítì. Ìyàwó mi ò jẹ́ ká ya ọ̀rá yẹn fún odidi ọdún kan. Bí oòrùn bá mú, ọ̀rá á lẹ̀ mọ́ wa lẹ́yìn. Bá a bá dìde, á dún bí ẹni ń bó ẹ̀pà. Lọ́dọọdún la máa ń gba Ṣágámù lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde fún Iléyá. Nígbà yẹn, márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 1978 ṣì ń dán. Àgbò á wà nínú búùtù, a ò sì ní rántí pé ó wà níbẹ̀ àfi bó bá ké. Sọ́kì 504 máa ń gba kòtò bí ẹni gba ẹyin lọ́wọ́ ọmọdé.

Ẹ wá fi ìyẹn wé ọkọ̀ tí búùtù rẹ̀ wà níwájú, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn. Ṣé mọ́tò nìyẹn àbí àlọ́?

Ọmọ Òkèpópó · Sátidé, 7:38 àárọ̀

Ààrẹ, ẹ rọra. Àlọ́ kúkú ni. Nínú àlọ́ wo ni wọ́n ti rí ẹranko ńlá rẹ́ Ìjàpá jẹ tó pẹ́ títí?

Mẹkáníìkì Ládípọ̀ · Sátidé, 8:12 àárọ̀

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín dá sí i. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Múṣin, Volkswagen nìkan ló ń ṣe.

Ìjàpá ò ní rédíétọ̀. Afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Òṣòdì, bí àwọn 504 bá ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, tí dẹ́rẹ́bà ń sáré wá omi kiri (ẹ má bínú, Ààrẹ), Ìjàpá á máa rìn lọ jẹ́jẹ́ ní tiẹ̀. Àmọ́ bẹ́líìtì ni ikú rẹ̀. Bẹ́líìtì kan ṣoṣo ló ń yí fáànù àti dínámò pọ̀. Bó bá já, iná pupa á tàn níwájú rẹ. Tó o bá ní kó o fi èyí tó kù délé, o ti pa ẹ́ńjìnnì nìyẹn. Ẹni tó bá mọ Ìjàpá lò, bẹ́líìtì tuntun kan àti sípánà kan ò ní wọ́n nínú ọkọ̀ rẹ̀.

Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi kì í gba èyí tó kù yìí gbọ́. Omi tí Ìjàpá fi ń fọ gíláàsì iwájú, afẹ́fẹ́ inú sípéè táyà ló ń tì í jáde. Oníbàárà ọ̀gá mi kan wà tí fáàfù tiẹ̀ ti bàjẹ́, kò sì mọ̀. Ọkùnrin náà fẹ́ràn ìmọ́tótó, ó ń fọ gíláàsì láàárọ̀, ó ń fọ̀ ọ́ nírọ̀lẹ́. Ọjọ́ tí táyà rẹ̀ jò, tó yọ sípéè, sípéè ti rọ̀ bí ẹ̀bà.

Ìyá Rótìmí · Sátidé, 8:15 àárọ̀

Bí ẹ̀bà! Ẹ má pa mí o 😂

Ọmọ Òkèpópó · Sátidé, 9:02 àárọ̀

Ìwọ Mẹkáníìkì yìí, o ti tú mi ní ìtàn. Jẹ́ kí n bi ọ́ léèrè ohun kan tí ò yé mi tán látọjọ́ yìí.

Àǹtí bàbá mi kan wà, ará Ẹ̀pẹ́, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ wọn. Wọ́n sanra dáadáa. Ní 1985 mo lọ gbé wọn ní Òkèpópó lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan ní Yábàá. Aṣọ òkè ni wọ́n wọ̀ látòkè délẹ̀, gèlè wọn ń kan òrùlé ọkọ̀. Wọ́n jókòó lẹ́yìn, lọ́wọ́ ọ̀tún. A gun Carter Bridge. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé ẹja lẹ gbé sínú ọkọ̀ yìí?" Mo ní rárá mà. Ó ṣe díẹ̀, wọ́n ní, "Ó ń gbóná o." Mo ní oòrùn ni, kí wọ́n ṣí wíńdò. Wọ́n tún ní, "Kì í ṣe òkè ló ti ń gbóná."

Ìgbà tí mo rí èéfín nínú gíláàsì ẹ̀yìn ni mo tó tẹ bíréèkì. Mo fa Àǹtí jáde láàárín afárá, gèlè bọ́ sílẹ̀, àwọn dánfó ń fun fèrè lẹ́yìn wa. Kọ̀ńdọ́ kan yọrí jáde, ó ní, "Màámi ti jinná!" Kò sí omi. Kéèsì Fáńtà tá a gbé lọ sóde ni mo ń ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan, mò ń dà á sórí sítì. Ìgò mẹ́tàlá ló gbà kó tó kú.

Awọ ara wọn ò gbà nǹkan kan, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Àmọ́ ihò tó tó ojú kọ́bọ̀ mẹ́wàá wà lára ìró wọn. Wọn ò wọ ọkọ̀ mi mọ́ títí wọ́n fi relé. Ìró yẹn, ọdún méjì ni mo fi san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Mẹkáníìkì Ládípọ̀ · Sátidé, 9:10 àárọ̀

Bàbá, bátìrì ni. Abẹ́ sítì ẹ̀yìn, lọ́wọ́ ọ̀tún, ni wọ́n gbé e sí nínú Ìjàpá. Ó yẹ kí ìdérí wà lórí rẹ̀. Bí ìdérí bá sọnù, tí ẹni tó wúwo bá jókòó síbẹ̀, sípíríǹgì sítì á sọ̀ kalẹ̀ kan orí méjèèjì tí bátìrì ní, iná á ṣẹ́. Àǹtí ò jẹ̀bi, ẹja náà ò jẹ̀bi.

Ọmọ Òkèpópó · Sátidé, 9:13 àárọ̀

Ọgójì ọdún ni mo ti ń sọ pé wáyà tí rẹ́wáyà kan, ẹni tó ń ṣe iná mọ́tò mi, so ló jó. Ẹ bá mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn níbikíbi tó bá wà.

Onílé Honda · Sátidé, 10:26 àárọ̀

Ẹ dákun, ṣé àwa tí wọn ò tí ì bí nígbà Ìjàpá náà lè sọ̀rọ̀? Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀yin àgbà.

Honda Accord 2004 ni tèmi, èyí tí a ń pè ní End of Discussion. Fún ẹni tí kò bá mọ̀: èyí tó ṣáájú rẹ̀ ni Baby Boy, nígbà tí èyí sì jáde, ará ìlú ní ọ̀rọ̀ ti parí. Honda tún ṣe òmíràn tí iná ẹ̀yìn rẹ̀ yàtọ̀ ní 2006, la bá pe ìyẹn ní Discussion Continues. Ará Èkó ò ní jẹ́ kí mọ́tò lọ láìlórúkọ.

Tọ́kúnbọ̀ ni mo rà á, níbì kan tí mi ò ní dárúkọ. Inú rẹ̀ ń ta sánsán, lọ́fínńdà mẹ́rin ni wọ́n gbé kọ́ sínú rẹ̀. Ó yẹ kí n ti fura. Ìgbà tí òórùn lọ́fínńdà tán ni òórùn odò jáde. Mo gbé kápẹ́ẹ̀tì, mo rí iyanrìn. Mo wo àwọn nọ́ọ̀tì abẹ́ sítì, gbogbo wọn ti dípẹtà. Omi ti bo ọkọ̀ yẹn mọ́lẹ̀ rí lókè òkun kí wọ́n tó gbé e wá. Lóṣù kan iná inú rẹ̀ á kú, lóṣù kejì wíńdò á kọ̀, á ní òun ò lọ sókè mọ́.

Mo fẹ́ràn rẹ̀, ẹ má bi mí pé kí ló dé. Ó dára, màá sọ. Ó kú mọ́ mi lọ́wọ́ lórí Third Mainland lálẹ́ ọjọ́ Fráídè kan, èmi àti ọmọbìnrin kan tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀. Wákàtí mẹ́ta la lò níbẹ̀ kí ọkọ̀ tó ń fa ọkọ̀ tó dé. A jẹ gálà, a mu omi tútù, a sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó yẹ ká fi oṣù mẹ́fà sọ. Òun ló ń ka èyí lẹ́yìn èjìká mi báyìí, ó ní kí n kọ ọ́ pé òun ló rà gálà.

Ìyá Rótìmí · Sátidé, 10:40 àárọ̀

Ẹ bá mi kí ìyàwó. Ọkọ̀ tó bá kú síbi tó dáa, kò bàjẹ́.

Ààrẹ, mo ní ìbéèrè fún yín. Ní 1977 tí ìjọba ológun ní kí ọkọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ ọ́ọ̀dù máa jáde ní Èkó lọ́jọ́ kan, kí ti ífùn máa jáde lọ́jọ́ kejì, kí ni wọ́n ṣe nílé yín? Bọ́ọ̀sì ni bàbá mi ń wọ̀ lọ́jọ́ tí kì í bá ṣe tiwa.

Ààrẹ Òyìngbò · Sátidé, 11:55 àárọ̀

Bíi ti gbogbo ẹni tó lágbára díẹ̀ ni bàbá mi ṣe. Wọ́n ra ọkọ̀ kejì tí nọ́ńbà rẹ̀ yàtọ̀.

Ìyá Rótìmí · Sátidé, 11:56 àárọ̀

Ọkọ̀ wo?

Ààrẹ Òyìngbò · Sátidé, 12:30 ọ̀sán

Ìjàpá.

Ọmọ Òkèpópó · Sátidé, 12:31 ọ̀sán

ẸẸẸẸẸẸ!

Ààrẹ Òyìngbò · Sátidé, 12:44 ọ̀sán

Ẹ rẹ́rìn-ín tán. Òun náà ni mo fi kọ́ ọkọ̀ wíwà, torí bàbá mi ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan 504. Kúlọ́ọ̀ṣì rẹ̀ le bí ọ̀rọ̀ àna. Mo fi kọlu ìgànná mọ́ṣáláṣí lẹ́ẹ̀mejì, nǹkan kan ò ṣe ọkọ̀ náà. Ìgànná ni wọ́n tún ṣe. Mo ti sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ gbọ́. 504 ṣì ni mọ́tò.

Awakọ̀ Fẹ̀yìntì · Sátidé, 3:18 ọ̀sán

Dánfó ni tèmi, Volkswagen, ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn, ọmọ ìyá Ìjàpá. Ọbáléndé sí Yábàá. "Má Jẹ́ N Sunkún" ni mo kọ sẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n parí Third Mainland ní 1990, wọ́n ní ó lé ní kìlómítà mọ́kànlá lórí omi. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ kó èrò gba ibẹ̀, gbogbo ọkọ̀ dákẹ́. Àwọn tó ti ń bá kọ̀ńdọ́ jà lórí ṣéńjì dákẹ́. Ọ̀sà lọ́tùn-ún, ọ̀sà lósì. Màmá kan ṣàdédé figbe ta: "Ọ̀wà o! Dẹ́rẹ́bà, ọ̀wà!" Mo ní, "Màmá, níbo lẹ fẹ́ bọ́ sí, inú omi?" Wọ́n ní àwọn ò mọ̀, pé kí n sáà dúró.

Mo tà á ní 1998. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn mo rí i ní ọ̀nà Bàdágírì, kò jìnnà sí Ọjọ́ níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen ní 1975. Wọ́n ti yọ ẹ́ńjìnnì, wọ́n gbé e sórí búlọ́ọ̀kù, obìnrin kan ń ta búrẹ́dì nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì hàn díẹ̀. Mo ra búrẹ́dì méjì.

Mẹkáníìkì Ládípọ̀ · Sátidé, 3:25 ọ̀sán

Ilé iṣẹ́ Ọjọ́ yẹn náà ló to Ìgalà. Ìjàpá àti Ìgalà lábẹ́ òrùlé kan. Mi ò mọ bí wọn ò ṣe mú Ẹkùn wá.

Àlàájà Fádèyí · Sátidé, 8:50 alẹ́

Ẹ kúulẹ́ o. Ọmọ Òkèpópó, mo ti ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mẹta. Ta lẹ ta Ìjàpá yín fún ní 1991? Ọkọ mi, kí Ọlọ́run forí jìn wọ́n, ra Ìjàpá búlúù lọ́dún yẹn lọ́wọ́ bàbá kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Tíṣà ni wọ́n. Látìgbà tí wọ́n ti kú ní 2009 la ò ti ṣáná sí i mọ́, àmọ́ ó ṣì wà lẹ́yìnkùlé wa. Adìẹ ló ń sùn nínú rẹ̀.

Ọmọ Òkèpópó · Sátidé, 8:57 alẹ́

Àlàájà! Tíṣà ni mo tà á fún! Inú báàgì ìwé ló ti ka owó náà jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ibi tó jóná wà lára sítì ẹ̀yìn, lọ́wọ́ ọ̀tún?

Àlàájà Fádèyí · Sátidé, 9:04 alẹ́

Ọkọ mi ti pààrọ̀ sítì tipẹ́, sà.

Ọmọ Òkèpópó · Sátidé, 9:06 alẹ́

Ẹ bá mi ṣí àpótí kékeré iwájú, ti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà. Ọmọ mi obìnrin fi ìṣó kọ SUMBO sínú ìdérí rẹ̀. S rẹ̀ kọjú sẹ́yìn. Mo nà án fún un, mo sì kábàámọ̀ rẹ̀.

Onílé Honda · Sátidé, 9:07 alẹ́

Kò sẹ́ni tó máa sùn níbí lálẹ́ yìí.

Àlàájà Fádèyí · Sátidé, 9:15 alẹ́

Ilẹ̀ ti ṣú, kò sì síná. Ó di àárọ̀.

Ààrẹ Òyìngbò · Sọ́ńdè, 7:20 àárọ̀

Àlàájà, ẹ kú àárọ̀. Èmi ò bèèrè nǹkan kan o.

Àlàájà Fádèyí · Sọ́ńdè, 9:48 àárọ̀

Ẹ má bínú, ó ti dípẹtà, sípánà ni ọmọ ọmọ mi fi ṣí i. Kò sí SUMBO níbẹ̀. Mo fi omi nù ún dáadáa, mo gbé tọ́ọ̀ṣì sí i, kò sí nǹkan kan. Ọmọ náà tún họ búlúù ara rẹ̀ wò. Àwọ̀ ewé ló wà lábẹ́, kì í ṣe mílíìkì.

Àmọ́ tẹ̀sùbáà ọkọ mi ló wà nínú àpótí yẹn. Ọjọ́ tí wọ́n kú la ti ń wá a. A tú gbogbo ilé. Mo ti bú àbúrò wọn kan nítorí rẹ̀, a ò sì bára wa sọ̀rọ̀ fún ọdún mẹ́rin.

Ọmọ Òkèpópó · Sọ́ńdè, 10:02 àárọ̀

Kì í ṣe òun nìyẹn. Ẹ ṣeun, Àlàájà. Ẹ kú oríire tẹ̀sùbáà. Ẹ jọ̀ọ́, bó bá rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ fún mi bẹ́ẹ̀ náà, láti iwájú.

Mẹkáníìkì Ládípọ̀ · Sọ́ńdè, 10:30 àárọ̀

Àlàájà, ẹ jẹ́ kí n wá wo ẹ́ńjìnnì yẹn ní Wẹ́sìdeé. Mi ò gba owó. Màá mú bẹ́líìtì dání, màá sì mú ìdérí bátìrì.

Àlàájà Fádèyí · Sọ́ńdè, 10:41 àárọ̀

Máa bọ̀, ọmọ mi, àmọ́ kì í ṣe ọ̀sẹ̀ yìí. Adìẹ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sàba lórí sítì ẹ̀yìn. Ó di ọjọ́ mọ́kànlélógún.